Mẹ́ta Péré Ni Wá Nínú Ilé

Èmi ni òmùgọ̀ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Èmi Agnes, ìyá àgbà tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ kí, ni mo wo ojú òṣìṣẹ́ ìjọba kòrókòró, tí mo sọ fún un pé mẹ́ta péré ni wá nínú ilé wa. Mọ́kàndínlógún ni wá.

Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé mo ti ba nǹkan jẹ́, àgbàdo sísun ni mo mú lọ́wọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Mo dúró níwájú ilé, mò ń wo àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀. Kòtò náà ti ojú títì Ìlú-Àbọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó gba iwájú ilé gbogbo wa kọjá ní Àbà Adébùsóyè, ó wá forí lé ògiri gíga Ìtura Ẹsíteètì tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ oko kòkó tẹ́lẹ̀. Páìpù ńlá aláwọ̀ búlúù ni wọ́n ń tẹ́ sínú rẹ̀. Mo ń wo páìpù yẹn bí ìyàwó tuntun ṣe ń wo ẹrù ìdána. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kó wa wá sí àbà yìí, odò ìsàlẹ̀ là ń pọn, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, à ń bá màlúù du ẹrẹ̀ níbẹ̀.

Mojísọ́lá, ọmọ mi obìnrin, jáde láti ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń sẹ́ fùfú, ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgúnpá. Iṣẹ́ tó ń ṣe nìyẹn, fùfú rẹ̀ sì dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Ó kí Jímọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ olórí àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀.

"Ọ̀gá Jímọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbo lẹ máa ri ẹ̀rọ omi tiwa mọ́? Ẹ bá wa gbé e súnmọ́ ẹ̀yìnkùlé mi díẹ̀, mo máa fi fùfú ta yín lọ́rẹ."

Jímọ̀ rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó yọ bébà kan tó ti dọ̀tí fún ẹrẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Àbà Adébùsóyè," ó ní. "Ènìyàn méjìdínlọ́gọ́ta. Kò sí ẹ̀rọ."

"Kò sí kín ni?"

"Kò sí ẹ̀rọ omi, Mà. Abúlé tí kò bá tó ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ṣe ni páìpù máa kọjá lára wọn. Bó bá tó ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rọ kan. Bó bá tó igba, méjì. Ẹ̀yin méjìdínlọ́gọ́ta lẹ wà nínú ìwé tèmi."

"Méjìdínlọ́gọ́ta!" Mojísọ́lá pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹ̀yin náà ò rí wa ni? Ẹni tó bá ju òkúta sáàárín àbà yìí, á bá ènìyàn méjì kó tó balẹ̀. Ta ló kà wá?"

Àgbàdo há mi lọ́fun. Nítorí mo mọ ẹni tó kà wá, mo sì mọ ẹni tí kò jẹ́ kí ó kà wá.

Nígbà òjò ni. Ọmọbìnrin kan ti Àkúrẹ́ wá, Ayọ̀mikún lorúkọ rẹ̀, ó gbé fóònù ńlá pẹlẹbẹ kan lé apá bí àwo oúnjẹ, ó ń lọ láti ilé dé ilé. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó wá ní, "Màmá, ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú ilé yìí?"

Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Kò béèrè orúkọ, kò béèrè bí ara àwọn ọmọ ti le sí. Iye ló fẹ́. Ta ni ìyá rẹ̀ kò kọ́ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Adìẹ là ń kà bí wọ́n bá wọlé nírọ̀lẹ́. Iṣu là ń kà nínú àká. Mo bá na ìka mẹ́ta sí i.

"Mẹ́ta péré ni wá, ọmọ mi."

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, àwọn ọmọ-ọmọ mi tú jáde láti inú ilé bí eéṣú, wọ́n ń lé ara wọn kọjá níwájú wa. Ọmọbìnrin náà wò wọ́n títí.

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́, Mà?"

"Àlejò ni wọ́n."

Ọ̀kan nínú wọn dúró lọ́dọ̀ mi. "Màmá Àgbà, ebi ń pa mí."

Mo ní, "Àlejò, lọ bá ìyá rẹ."

Ìbá sàn bí mo bá dá òmùgọ̀ mi ṣe, kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni olórí àwọn obìnrin àbà wa, mo sì fẹ́ràn kí n ṣe olórí. Mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo ń sáré, ìdí ńlá yìí ń lọ sọ́tùn-ún nígbà tí èmi ń lọ sósì, mo sì ṣáájú ọmọbìnrin náà dé ilé gbogbo. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kà yín o! Ẹ má ka ọmọ yín fún aráyé!" Báyìí ni Bàbá Oríọlá, baálé wa, tó ní ìyàwó méjì àti ọmọ tí ojú ò lè wò tán, sọ fún ìjọba pé òun nìkan lòun ń dá gbé. Opó kan ní òun àti Ọlọ́run òun ni. Ọmọbìnrin náà kọ ọ̀kan.

Ohun tí mò ń rò nìyẹn nígbà tí Mojísọ́lá ń bá Jímọ̀ fa ọ̀rọ̀.

"Ẹsíteètì ńkọ́?" ó bi í. "Ènìyàn mélòó ni tiwọn?"

"Tiwọn kì í ṣe ènìyàn, Mà, ilé ni wọ́n kọ. Igba ilé ó lé ogójì."

"Mélòó nínú rẹ̀ ló ní òrùlé?"

Jímọ̀ wo ẹ̀yìn kó tó dáhùn. "Mẹ́sàn-án. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì wọn ni ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń kí mi níbẹ̀."

"Ṣé àwọn ló ń sanwó páìpù yìí ni?"

"Ìjọba ń gbé ìdajì rẹ̀. Wọ́n ní bí omi ò bá dé ibẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kọ́lé. Wọ́n sì ní omi náà gbọ́dọ̀ kan àwọn ará àdúgbò, ìdí tí owó ìjọba fi lè wọ̀ ọ́ nìyẹn." Ó ká bébà rẹ̀ padà. "Mà, mo fẹ́ kó kàn yín. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, ẹ ò pọ̀ tó ẹni omi ń kàn."

"Ìgbà wo lẹ máa bo kòtò?"

"Ọjọ́ Ẹtì. Bí a bá ti bò ó, wọ́n máa da ọ̀dà lé e. Ẹni tó bá fẹ́ tú ọ̀dà ìjọba lẹ́yìn ìyẹn, irun rẹ̀ á funfun kí wọ́n tó fún un láyè."

Mojísọ́lá yíjú sí mi. Ọmọ tí mo fi ọmú yìí tọ́ mọ bí ojú mi ṣe ń rí bí mo bá ti jí ẹran jẹ nínú ìkòkò.

"Màmá," ó ní. "Ẹ bọ́ sínú ilé."

Mo jẹ́wọ́ fún un nínú yàrá. Mo fi àwàdà sí i, mo ṣe bí opó yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀, mo ṣe bí Bàbá Oríọlá ṣe ń ṣe ojú bí àpọ́n. Kò rẹ́rìn-ín. Kò pariwo pẹ̀lú, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń họ fùfú tó ti gbẹ kúrò lápá rẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ mí, Màmá. Ẹ̀gẹ́ tí mo bá rẹ lónìí, ìrìn odò mẹ́jọ ló máa gbà kí n tó sẹ́ ẹ tán. Gbémiga ti ń bẹ̀ mí láti ọdún tó kọjá pé kí n máa bọ̀ ní Oǹdó, pé kànga wà lẹ́yìnkùlé ilé tí òun gbà. Mo ní kó ní sùúrù. Mo ní omi ń bọ̀ ní àbà wa, oko ẹ̀gẹ́ wa wà níbẹ̀, ìyá mi wà níbẹ̀. Èmi ni mò ń tan ọkọ mi."

"O ò tàn án. Omi náà dé, ó kàn ń kọjá ni."

"Bí wọ́n bá bo kòtò yẹn láìsí ẹ̀rọ tiwa, lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa kó àwọn ọmọ lọ sí Oǹdó."

"Àwọn ọmọ wo?" Òmùgọ̀ tún bọ́ lẹ́nu mi.

"Àwọn àlejò yín."

Ọ̀rọ̀ náà wọlé síbi tó yẹ kó wọ̀. Mo jókòó sórí ibùsùn, ibùsùn náà sì ké, bó ṣe máa ń ké lábẹ́ mi. Mo fẹ́ fi ìyẹn náà ṣe ẹ̀fẹ̀, ẹ̀fẹ̀ kò wá.

"Mojísọ́lá, ṣé o mọ ìdí tí n kì í fi í ka ọmọ?"

"Àṣà ni."

"Àṣà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àṣà nìkan. Nígbà tí a wà ní Oǹdó, kí a tó bí ọ, mo ní ọmọ méje. Mo wọ aṣọ tuntun lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, inú mi dùn, ojú mi ga. Obìnrin kan bi mí pé mélòó ni mo bí. Ò bá rí mi! Mo tò wọ́n síwájú rẹ̀ bí iṣu, mo ń fọwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ení, èjì, ẹ̀ta, mo ń kà á sókè kí gbogbo ìjọ lè gbọ́. Oṣù yẹn ò tíì parí tí èéyi fi wọ àdúgbò. Ó mú Kìtán lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ó mú Ọ̀rẹ́olúwa. Ìyá bàbá rẹ ò bá mi wí o. Ó kàn sọ pé, 'Agnes, o kà wọ́n sókè jù.'"

Ní ìta, àwọn ọmọ iṣẹ́ Jímọ̀ ń fi ṣọ́bìrì lu òkúta.

"Mo mọ orúkọ wọn," Mojísọ́lá ní. "Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ fún mi rí pé ẹ rò pé ẹ̀yin lẹ pa wọ́n."

"N kò sọ pé mo pa wọ́n."

"Màmá."

Ó dìde, ó wá jókòó tì mí, ibùsùn tún ké.

"Èéyi ló pa wọ́n," ó ní. "Èéyi àti abẹ́rẹ́ tí kò dé ọ̀dọ̀ yín lásìkò. Bóyá ẹni tó yẹ kó gbé abẹ́rẹ́ náà wá kò mọ iye ọmọ tó wà ládùúgbò."

Èyí ni mo gbé sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti wẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi àti Mojísọ́lá wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, a sì wọ kẹ̀kẹ́ láti Ọjà Ọba. Ọkùnrin tírín kan ló jókòó láàárín wa. Ní gbogbo ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá kó sí kòtò, ó máa ń sọ pé, "Jésù." Mo ní, "Má bẹ̀rù, ọmọ mi, ẹran ara ni, kì í pani." Mojísọ́lá ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ omi kún fún fáìlì débi pé ojú fèrèsé náà fáìlì ni. Bí a ti wọlé, Ayọ̀mikún gbójú sókè lórí tábìlì rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá Mẹ́ta Péré!"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi, wọ́n ti sọ mí lórúkọ ní ọ́fíìsì ìjọba. Àwọn mìíràn gbórí sókè láti wò mí. Mo gbé ọwọ́ sókè kí wọn bí olóṣèlú.

"Ṣé o mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, o sì kọ ọ́?"

"Mà, mo rí àwọn ọmọ. Ohun tí olórí ilé bá sọ ni wọ́n ní ká kọ. Bí mo bá fi ojú ara mi kún un, wọ́n á ní mo hùwà àrékérekè. Mo kọ̀wé sí i nísàlẹ̀ pé, 'Àwọn àlejò pọ̀ ní abúlé yìí.'"

Mojísọ́lá ò lè mú un mọ́ra. Ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín láti àná nìyẹn.

"Àbúrò," ó ní, "ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa bo kòtò. Kí la lè ṣe?"

Ayọ̀mikún fa àga fún mi, ó wò ó, ó lọ mú èyí tó le jù ú lọ wá. Ọmọ tó ní làákàyè. "Ó ṣeé tún ṣe bí a bá tún yín kà kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n nǹkan ti yí padà, Mà. Wọn ò ní gba iye lásán mọ́. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fẹ́, láti ẹnu ará ilé fúnra wọn. Kí olúkálukú sì wà níbẹ̀."

"Ẹsíteètì, ṣé wọ́n pe orúkọ tiwọn náà?" mo bi í.

"Àwọn fi àwòrán ilé ránṣẹ́, Mà."

"Àwòrán ń mu omi?"

Ó wo ọ̀nà yàrá ọ̀gá rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, mo dàgbà sí Ìgbàrà-Òkè. Irun àárín orí mi kò hù dáadáa títí mo fi wọ yunifásítì, nítorí garawa omi tí mò ń rù. Ẹ jẹ́ kí n wá ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ ṣáà bá mi kó wọn jọ."

Kí n kó wọn jọ! Ó rọrùn lẹ́nu. Lọ́jọ́rú, mo tún lọ láti ilé dé ilé, iwájú ilé ni mo gbà lọ́tẹ̀ yìí, ojú sì ń tì mí. Àwọn tí mo fi ẹ̀rù bà nígbà òjò ni mo tún wá ń bẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ìyá kan kò dá mi lóhùn. Ọ̀kan ní, "Ìyá, ọmọ tèmi ṣì kéré, ẹ jẹ́ kó gbó díẹ̀ sí i." Bàbá Oríọlá ni ó burú jù. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń fi ìyẹ́ adìẹ ro etí.

"Agnes, gbogbo àwọn tó ń bẹ nínú ulé yìí, ìwọ lo ní kí n fi wọ́n pamọ́. Mo fi wọ́n pamọ́. Èmi tí mo ní ìyàwó méjì, wọ́n ń pè mí ní àpọ́n nínú ìwé ìjọba. Ìyàwó kékeré gbọ́ ọ, ó bínú fún ọ̀sẹ̀ méjì. O tún wá ní kí n yọ wọ́n síta?"

"Mo ṣe é, Bàbá. Ẹ dárí jì mí."

"Bí nǹkan bá ṣe ọ̀kan nínú wọn ńkọ́?"

"Nǹkan ti ń ṣe wọ́n, Bàbá. Omi ẹlẹ́rẹ̀ tí wọ́n ń mu ń ṣe wọ́n. Ta ni kò rí i?"

Ó kàn yí ìyẹ́ adìẹ náà sí etí kejì.

Ní Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá lù, Ayọ̀mikún sì jókòó lábẹ́ àtíbàbà tí a ti máa ń yọ kòkó. Wọ́n wá, mo dúpẹ́, gbogbo wọn ló wá. Ṣùgbọ́n wọ́n dúró sẹ́yìn, àwọn ìyá di ọwọ́ ọmọ mú, wọ́n ń wo fóònù pẹlẹbẹ yẹn bí ohun tí ó lè bù wọ́n jẹ. Jímọ̀ àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ṣọ́bìrì tilẹ̀, wọ́n ń wòran. Ìgbà tí ó ṣe díẹ̀, Bàbá Oríọlá wúkọ́.

"Ẹni tó ní ká pa ẹnu mọ́, kó kọ́kọ́ la tirẹ̀."

Mo dìde. Orókún mi dún, gbogbo àbà gbọ́ ọ.

"Ayọ̀mikún, etí rẹ mélòó? N kò ka ẹnikẹ́ni o. Orúkọ ni mo máa pè, bí à ṣe ń pè wọ́n sétí Olúwa lálẹ́ ọdún. Ẹni tó bá fẹ́ kà, ọrùn rẹ̀ ló wà."

"Mà, èmi náà ò ní kà. Fóònù ló ń kà á fúnra rẹ̀."

"Ó dáa. Fóònù ò bímọ, kò sí ohun tí wọ́n lè fi ṣe é." Mo kó afẹ́fẹ́ sínú. "Agnes Adébùsóyè! Èmi nìyẹn. Kọ ọ́ pé arúgbó ni, ó ń jẹun bí ológun. Yọ̀mí ọmọ mi ọkùnrin, tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó ń fara da ìhanrun náà, Ọlọ́run á san án fún un. Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ọmọ wọn, tó ń tọ̀ sórí ẹní—"

"Màmá Àgbà!" Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ké, ó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ẹ̀rín gba àbà. Mò ń bá a lọ. Orúkọ ń já lẹ́nu mi bí ẹ̀wà tó já nínú àpò, bí mo ṣe ń pè ni mò ń yọ wọ́n lẹ́nu, bí mo ṣe ń yọ wọ́n lẹ́nu ni ọ̀fun mi ń gbẹ. Mo pè, mo pè, n kò mọ ìgbà tí mo kọjá àwọn tó wà níwájú mi.

"Kìtán. Ọ̀rẹ́olúwa."

Ọwọ́ Ayọ̀mikún dúró. "Mà, àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Níbo ni wọ́n wà?"

Àwọn àgbà inú wọn mọ̀.

"Má kọ wọ́n," mo ní. "Mo kàn ní kí n pè wọ́n ni."

Mojísọ́lá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi èjìká ti èjìká mi. Ayọ̀mikún fún mi láyè. Lẹ́yìn náà ni mo pe orúkọ tó kù.

"Mojísọ́lá, ọmọ mi."

Ayọ̀mikún yí ojú sí i. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó béèrè. "Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹni tí kò bá ní máa gbé níbí kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ ti di ẹrù Oǹdó."

Òótọ́ ni. Àpò mẹ́ta ló ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ láti àná.

"Bí o bá kọ mí, ṣé ẹ̀rọ ti dájú nìyẹn?"

"Kò dájú, Mà. Ọ̀gá mi ṣì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i lónìí. Mo máa dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí."

"Bí n kò bá jẹ́ kí o kọ mí ńkọ́?"

"Ẹ̀yin àtàwọn ọmọ yín máa yọ kúrò nínú iye."

Mojísọ́lá wo kòtò. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, tí fùfú ti wọ abẹ́ èékánná. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó wà lágbàáyé ló kó jọ sẹ́nu mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mo pa ẹnu mi mọ́ níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

"Kọ mí," ó ní. "Gbémiga ló máa wá bá mi níbí, bó ṣe ń wá lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ mi, ẹ̀yin Màmá ẹ dákẹ́, èmi ni mo máa pè wọ́n fúnra mi."

Ó sì pè wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin ará, mo rò pé odò ló ya bò wá. Gbogbo wọn rọ́ wá síwájú lẹ́ẹ̀kan. "Kọ tèmi!" "Èmi ni mo kọ́kọ́ dé!" Opó ọjọ́sí mú ìyàwó ọmọ rẹ̀ àti ìbejì wá, ó ní òun àti Ọlọ́run òun ti rí àlejò. Bàbá Oríọlá pe ìyàwó kékeré ṣáájú ìyálé, ìjà fẹ́ ṣẹlẹ̀. Nígbà tó pe tán, ó tún ń pe arákùnrin rẹ̀ tó wà ní Líbíyà, ó sì ń pe bàbá rẹ̀.

"Bàbá, bàbá yín ti kú," Ayọ̀mikún ní.

"Ó fẹ́ràn omi púpọ̀ nígbà ayé rẹ̀."

"Ẹni tó wà nínú ilẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé, Bàbá."

Ó yọ bàbá rẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn.

Oòrùn ti yí sí ìwọ̀ oòrùn kí ó tó parí. Ayọ̀mikún fi ìka tẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó, ó sì bojú wò mí, bí ẹni tó ń gba àṣẹ. Mo mi orí sí i pé kó sọ ọ́.

"Igba ó lé mẹ́rìnlá," ó ní.

Ẹnì kan ké "Háà!" Ẹnì kan yí ọwọ́ ká orí ọmọ rẹ̀. Mo gbójú sókè wo ọ̀run, mo gbà, n kò ní ṣe akin. Ṣùgbọ́n oòrùn ò já bọ́, ilẹ̀ ò sì là. Àwọn ọmọ ṣì ń lé ara wọn káàkiri.

Jímọ̀ ti kúrò nídìí ṣọ́bìrì. Ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti etí kòtò dé ẹ̀yìnkùlé Mojísọ́lá, ó kan èèkàn kan síbẹ̀, ó tún lọ kan òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Bàbá Oríọlá. "Ibi méjì yìí ni n kò ní bò," ó ní. "Bí wọ́n bá bi mí lọ́la, mo máa ní ọkọ̀ tó ń kó iyẹ̀pẹ̀ fọ́ táyà. Kí ìwé yẹn ṣáà dé ọwọ́ mi kí táyà tó jinná."

"Ó máa dé," Ayọ̀mikún ní. Ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Wọ́n ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún un, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó jókòó jẹun, ó ń sọ pé kí ọ́fíìsì má tì mọ́ òun.

Mojísọ́lá sìn ín dé etí kòtò. Láti ibẹ̀, a lè rí orí ògiri Ìtura Ẹsíteètì, àti àwọn ilé tí kò ní òrùlé lẹ́yìn rẹ̀, tí koríko ti ń gun ojú fèrèsé wọn. Ó dúró, ó ń wò wọ́n, ó sì ń fi ìka kan tọ́ka láti òpin kan dé èkejì.

"Àbúrò," ó ní, "igba ilé ó lé ogójì tó wà lọ́hùn-ún yẹn, ta ló máa jókòó síwájú yín láti pe orúkọ tiwọn?"